Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣi Oríkì Kì

Òmùgọ̀ tó ń rìn lẹ́bàá ọ̀nà kì í yọ èèyàn lẹ́nu. A ó fi rẹ́rìn-ín, a ó sì kọjá lọ. Èyí tó burú ni òmùgọ̀ tí wọ́n fi ṣe olórí ilé, tó jókòó sórí àga onítìmùtìmù, tí gbogbo ayé ní láti máa kí i kú ọgbọ́n. Mo bá irú rẹ̀ pàdé ní Òkukù nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge, ní àwọn ọdún tí rédíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dárúkọ éèdì, tí àwọn èèyàn wa sì ń sọ pé àrùn òyìnbó ni, pé kò mọ ọ̀nà Ìkìrun. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Mi ò kánjú. Ẹ̀gbọ́n mi tí mò ń sọ ìtàn rẹ̀ ti kúrò níbi tí ìkánjú ti lè ràn án lọ́wọ́.

Ìkìrun ni ilé bàbá wa. Ìyá mi bímọ púpọ̀, ṣùgbọ́n àwa méjì ló kù fún wọn: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ àkọ́bí, àti èmi àbíkẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi lọ́kọ sí Òkukù. Èmi kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, mo sì gba ṣọ́ọ̀bù sí Inísà, létí títì, tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ tó bá gbé ìyá mi lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, iwájú ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló máa gbà kọjá. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní Òkukù, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́, nítorí kò sí awakọ̀ kan lójú ọ̀nà yẹn tó lè pa ẹnu mọ́ títí dé Ìkìrun.

Ohùn ni Ọlọ́run fún ẹ̀gbọ́n mi. Láti kékeré ló ti ń tẹ̀lé àbúrò bàbá wa obìnrin kiri, tó ń kọ́ oríkì ilé wa lẹ́nu wọn. Apẹja ni àwọn baba ńlá wa, bí wọ́n bá sì ń kì wá, omi ni wọ́n máa ń dà lé wa lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin:

Ọmọ odò tó kún tí kò gbọ́mọ lọ,
Ọmọ a-dẹ-ìgèrè-sùn, tó jí bá ẹja lẹ́nu ọ̀nà,
Ọmọ ẹja ńlá tí í wo apẹja lójú.

Nígbà tó dé ilé ọkọ, ó bá oríkì mìíràn níbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni tiwọn. Iná àti irin ni wọ́n fi ń kì wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti àwọn àgbà ìyàwó ilé, ó kọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n ju àwọn tó kọ́ ọ lọ. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ìyàwó tí kò bá lè ki ọkùnrin ilé lówùúrọ̀, tí kò lè dìde níbi òkú tàbí níbi oyè kó ki ilé náà láti orí baba ńlá dé orí ọmọ àná, bí àlejò ló rí. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi bí ò dúró. Ohùn rẹ̀ ló dúró fún un. Torí ohùn yẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní ìyàwó wa.

Ọkọ rẹ̀ ń ṣe mẹkáníìkì ní Àbíjàn. Ó máa ń wálé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rédíò tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ, àwọn ará ilé á sì máa jó sí i ní àgbàlá. Nígbà tó wá kẹ́yìn, ó ti gbẹ bíi panla. Ó wúkọ́ títí, ó kú. Ẹbí ní ayé ló ṣe é. Wọn ò dárúkọ ayé yẹn, àmọ́ ojú gbogbo wọn wà lára ẹ̀gbọ́n mi. Ìyẹn ò ní kí wọ́n má pín in, ṣá. Kí omijé tó gbẹ, wọ́n ti ní kí àbúrò ọkọ rẹ̀ ṣú u lópó. Bíríkìlà ni àbúrò ọkọ yìí, ó sì ṣú u. Ó ti ń fojú wọn ẹ̀gbọ́n mi láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ ṣì wà láyé, bí ẹni ń wọn ilẹ̀ tí yóò kọ́lé sí.

Ẹsẹ̀ ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ òun ń jó òun bí ẹni tó ń rìn lórí eérú gbígbóná. Á bu omi tútù sínú bàsíà, á ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, á jókòó bẹ́ẹ̀ títí omi á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tó bá yá, iná náà á lọ, ẹsẹ̀ á kú tipiri. Lọ́jọ́ kan, ó sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bàtà yín dà?"

Ó wo ilẹ̀. "Àbí kò sí níbẹ̀ ni?"

Kò mọ̀ pé òun ti rìn kúrò nínú bàtà. A pe awakọ̀ padà, a rí ẹsẹ̀ bàtà kan lábẹ́ ìjókòó. Èkejì ti wà ní Òkukù lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn náà ló kan orí. Ìbéèrè tó bá bi mí, tí mo sì dá a lóhùn, á tún bi mí kí n tó ki abẹ́rẹ́ bọ aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Á dúró láàárín ọ̀rọ̀ bí ọkọ̀ tí epo rẹ̀ tán, á máa wo ẹnu mi bíi pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó kù wà. Wọ́n ní ìgbéraga opó ni. Wọ́n ní ó fẹ́ kí wọ́n máa sìn ín ni. Àwọn Aládùúrà inú ilé wọn bu omi àdúrà wọ́n ọn lára láti orí dé ẹsẹ̀. Omi náà tutù sí i lẹ́sẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bù sí i. Wọ́n ní ẹ ò rí nǹkan, ẹ̀mí òkùnkùn ló ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn.

Òmùgọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni baálé wọn. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀. Ìjókòó iwájú ni tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bó bá sì ń kọrin, á rí bíi pé ó ń ṣe Ọlọ́run lóore. Alágbẹ̀dẹ ni gbogbo ilé, síbẹ̀ òun ò lè pọ́n àdá. Nǹkan kan ló sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Apá kejì nínú ẹbí máa ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé bàbá bàbá rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilé rárá, pé apá Ìkìrun ló ti gbé ìgèrè ìpẹja rù wọ ìlú, tí ìyá arúgbó kan nínú ilé sì gbà á tọ́. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, kò kàn mí. Èèyàn rere ló pọ̀ tó gbé ìgèrè rù. Ṣùgbọ́n òun, tó bá gbọ́ òórùn ẹja lásán, á máa wò ó bóyá òun ni wọ́n ń bá wí.

Wọ́n wá dá ọjọ́ tí wọn yóò gbé e gorí àga baálé lójú gbogbo ayé, kí ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ yẹn lè tán. Mo lọ láti Inísà, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi dáná. Àwọn ìyàwó ilé tò jókòó, wọ́n ti ẹ̀gbọ́n mi síwájú bí wọ́n ti máa ń ṣe. Lóòótọ́, ó ti rù, ó sì ń fi ọwọ́ wá ògiri bó bá ń rìn, ṣùgbọ́n wọn ò ní ohùn mìíràn tó tó tirẹ̀. Ó dìde. Ó kojú sí baálé. Ohùn náà jáde, ó mọ́ gaara, inú mi dùn.

"Ọmọ odò tó kún tí kò gbọ́mọ lọ!"

Mo rò pé etí mi ni. Àwọn ìyàwó tó kù tó yẹ kí wọ́n gbè é yanu sílẹ̀. Kò dúró. Ó kó gbogbo oríkì ilé bàbá wa, kò yọ ìlà kan, ó tò ó lé ọkùnrin yẹn lórí pẹ̀lú ìfẹ́. Ó kì í ní ọmọ ìgèrè. Ó kì í ní ọmọ ẹja ńlá tí í wo apẹja lójú.

Láti ẹ̀yìn, lápá ibi tí àwọn apá kejì jókòó sí, ẹnì kan ké pé, "Ẹ bomi sí baálé lára o, kó má kú sórí ilẹ̀!"

Ẹlòmíràn ní, "Ìgèrè ọ̀hún dà?"

Ẹ̀rín bú. Àwọn kan ń fi fìlà bojú. Baálé dìde lórí àga tí wọn ò tíì gbé e dé tán.

"Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, òógùn bò ó. "Kí ni mo ṣe, Bàbá mi? Ṣé mo kì yín kéré ni?"

Èyí tó bá lọ́gbọ́n lórí nínú wọn ì bá ti mọ̀ níbẹ̀ pé orí obìnrin yìí ò pé. Ọ̀dàlẹ̀ tó fẹ́ búni kì í béèrè bóyá ìyìn òun kò tó. Ṣùgbọ́n baálé ti rí ohun tó ń wá láti ọjọ́ pípẹ́, ìyẹn ọ̀tá tí kò lágbára. Ó dájọ́ lójú ẹsẹ̀: kí ẹ̀gbọ́n mi lọ wá ewúrẹ́, kó padà wá kúnlẹ̀ lójú gbogbo ilé, kó sì ki òun bó ṣe yẹ. Bí kò bá ṣe é, kó máa lọ bá àwọn ẹja ilé bàbá rẹ̀, ilé àwọn ti kọ̀ ọ́.

Mo mú un wá sí Inísà. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ. "Ilé ọkọ mi ni. Mo fẹ́ padà síbẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n." Ká ní èmi ni, mi ò ní bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àgbàlá yẹn ni gbogbo ayé rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ní orúkọ, ibẹ̀ ló fẹ́ kú sí.

Èmi àti ìyá mi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan. Dókítà tó rí wa ò tíì dàgbà, oorun sì kún ojú rẹ̀. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi pa ojú dé kó dúró, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó fi igi ṣóńṣó kan tọ́ ọ lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, kò mọ̀. Ó ní kó ka àwọn ọjọ́ ọ̀sẹ̀ padà sẹ́yìn, kò lè kúrò lórí Sátidé. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí a padà lọ, dókítà pe èmi nìkan wọ inú yàrá.

Ó ní, "Àǹtí, HIV ni, kòkòrò tó ń fa éèdì. Ẹ ti ń gbọ́ ọ lórí rédíò."

Mo ní, "Àwọn yẹn ń gbẹ ni, wọ́n ń ṣu. Orí ló ń da ẹ̀gbọ́n mi láàmú, àti ẹsẹ̀."

"Òun náà ni. Kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń gbé. Ó ń wọ iṣan ẹsẹ̀, ó ń gòkè lọ sínú ọpọlọ."

Mo wá ro ẹjọ́ oríkì fún un. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun téèyàn bá kọ́ ní kékeré ló máa ń pẹ́ jù lọ kó tó kúrò lórí, èyí tó kọ́ nígbà tó dàgbà ló máa ń kọ́kọ́ lọ. "Ẹ má bá a jà lórí ohun tó bá sọ," ó ní. "Kò mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é." Mo bi í nípa oògùn. Ó wo fèrèsé.

Mo gba Òkukù lọ tààrà. Mo ń sunkún nínú ọkọ̀, síbẹ̀ mo ní mo gbé ìròyìn tí yóò dá ẹ̀gbọ́n mi láre dání. Mo bá baálé àti bíríkìlà nínú pálọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí dókítà sọ, mi ò fi ọ̀kan pamọ́.

Bíríkìlà wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Baálé ní, "Àrùn yẹn, ta ló kó o fún un?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ò kọjá Òṣogbo rí láyé rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà yé e. Mo rí i bó ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀: Àbíjàn, rédíò ńlá, ikọ́, òkú tí wọ́n ní ayé ló pa. Ó gbé agbádá rẹ̀ sí èjìká dáadáa.

"Nílé yìí, a ò mọ àrùn bẹ́ẹ̀. Ọmọ wa ò kó o wá. Obìnrin yẹn bú mi ni, orí rẹ̀ pé. Kó mú ewúrẹ́ wá."

Ẹ gbọ́ ọ. Ó yá a lára kí wọ́n máa pè é ní ọmọ ìgèrè jù kí wọ́n mọ ohun tó pa ọmọ ilé rẹ̀ lọ. Ọ̀ràn tó ti ń lé e kiri láti ọjọ́ pípẹ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í mú, nítorí ó nílò ẹ̀ṣẹ̀ tí yóò fi lé aláìsàn jáde.

Bíríkìlà sin mí dé ẹnu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ ti wá sílẹ̀.

"Ìyàwó mi, dókítà yẹn, ṣé ó mọ̀wé dáadáa?"

"Ẹ lè lọ bi í, Bọ̀dá. Á yẹ ẹ̀yin náà wò."

"Èmi kẹ̀? Ara mi le koko." Ó sá sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ẹni tó ń kọjá fi lọ tán. "Ṣé àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ náà ló máa ń ti bẹ̀rẹ̀?"

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo wo ojú rẹ̀, mo wọkọ̀ mi. Ó yẹ kí àánú ṣe mí. Kò ṣe mí.

Ìyá mi ni wọ́n ní kí á mú ewúrẹ́ lọ. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọmọ òun fẹ́ kú sí, òun á wólẹ̀ fún ìgbẹ́ bí wọ́n bá dé e ládé. Lọ́nà, láti Inísà dé Òkukù, mò ń kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní ìlà àkọ́kọ́ oríkì ilé ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní á-bí-dí. Ó ń sọ ọ́ tẹ̀lé mi, ewúrẹ́ ń ké, awakọ̀ ń wò wá nínú dígí.

Gbogbo ilé pé, apá kejì sì tètè dé jù lọ. Wọ́n fẹ́ rí ẹja. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ síwájú àga. Baálé ní, "Ó yá, kì mí bí ọmọ ilé mi."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ohùn. Ó ti di ohùn tẹ́ẹ́rẹ́. "Ọmọ iná tó sùn sínú irin..." Ó rántí! Àwọn ìyàwó gbè é, baálé na ọrùn sókè. "Ọmọ a-lu-irin-títí-kó-gbọ́ràn..." Lẹ́yìn náà, epo tán. Ó wo ewúrẹ́, ó wo àwọn èèyàn. Ó wá gbójú sókè wo ọkùnrin tó wà lórí àga, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí ọmọ tó láàánú, ó sì fi ọ̀wọ̀ bi í pé:

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ̀yin ta ni?"

Ẹnì kan ní ẹ̀yìn patẹ́wọ́. "Ìbéèrè tí gbogbo wa ń bi nìyẹn!"

Mi ò lè sọ bí ariwo ẹ̀rín yẹn ṣe tó. Kò sí ẹni tó rántí mọ́ pé aláìsàn kan wà lórí ìkúnlẹ̀. Baálé pàṣẹ kí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta, wọ́n sì kó o: àpótí kan, ìkòkò, bàsíà tó fi ń rẹ ẹsẹ̀. Bíríkìlà ló gbé àpótí, ó fi aṣọ di ọwọ́ méjèèjì kó tó gbé e, òun tó ti bá obìnrin náà sùn.

Ìyá mi gbé ẹ̀gbọ́n mi dìde. Wọ́n yíjú sí àwọn èèyàn. "Ẹ máa rẹ́rìn-ín," wọ́n ní. "Mo mú un wá ní odindi, ẹ dá a padà ní àjákù. Kí ẹ̀rín yín má tán." Wọ́n wá tú okùn ewúrẹ́, wọ́n wé e mọ́ ọwọ́. "Ewúrẹ́ tèmi náà ń bá mi lọ. Ẹni tí kò jẹ ẹ̀bẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ ẹran."

Ní Ìkìrun, yàrá ìyá mi ni ẹ̀gbọ́n mi gbé. Ó máa ń béèrè ìgbà tí ọkọ̀ Òkukù máa lọ. Tó bá yá, kò béèrè mọ́. Gìrì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. A máa ń fi aṣọ sí i lábẹ́ orí, a máa dúró títí á fi lọ. Ọ̀rọ̀ ń lọ lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: orúkọ mi lọ, orúkọ ọkọ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀, bí àwọn ọkùnrin ilé wa bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, á bẹ̀rẹ̀ láti orí ibùsùn: ọmọ odò tó kún, ọmọ a-dẹ-ìgèrè-sùn. Wọ́n á dúró, wọ́n á sì dáhùn. Nílé tiwa, kò ṣì í kì lọ́jọ́ kan. Ó kú nígbà tí òjò ń parí lọ. Ẹ̀yìnkùlé bàbá wa la sin ín sí.

Baálé wá kí wa kú aráfẹ́rakù. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé Bíbélì dání, ó ka sáàmù kan fún wa, ó sì ṣì í kà. Kò béèrè ibi tí sàréè wà. Nígbà tí ìyá mi wọlé lọ, ó ṣẹ́wọ́ sí mi, mo lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé.

"Ọmọ mi," ó rọ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ yìí, kó tó lọ, ṣé kò sọ nǹkan kan? Nípa ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn? Àwọn èèyàn ní Òkukù ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kú kì í purọ́. Bó bá sọ pé òun ṣì í kì, mo fẹ́ kí o bá mi dé ọ̀hún, kí o sọ ọ́ létí wọn, kí ọ̀rọ̀ ìgèrè yẹn lè tán."

Ohun tó bá wá nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ilẹ̀, ọkùnrin yìí sì wá gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ òkú.

Òtítọ́ ni pé láti bí oṣù mélòó kan kí ó tó kú, ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀ mọ́ pé ìlú kan wà tó ń jẹ́ Òkukù.

Mo tẹ orí ba. Mo ní, "Ó sọ̀rọ̀, Bàbá."

Ó sún mọ́ mi. "Kí ló sọ?"

"Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ò ṣì í kì."

Ó dìde, ó tún jókòó. Ìyá mi ti jáde nínú yàrá, wọ́n dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni mo pa, wọ́n sì kórìíra irọ́ ju olè lọ.

"Lọ bu omi tútù wá fún baálé," ìyá mi ní. "Ọ̀nà jìn."